Ta Ló Ni Ilẹ̀ Tí Òkú Sùn Sí?

Bí ẹ bá rìn láti Ìsọlọ̀ gba Òkòta lọ, tàbí tí ẹ gba Máfolúkù yọ sí Ṣógúnlé, ẹ ó rí i lára ògiri àti géètì pé wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: ilé yìí kì í ṣe títà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́, pẹ̀lú ọ̀dà pupa tàbí dúdú. Àwa tí a ń kọjá lọ a máa rò pé torí gbájúẹ̀ ni, kí ẹnì kan má baà ta ilé onílé fún aláìmọ̀kan. Òótọ́ ni, gbájúẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n nígbà míì, àwọn ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí ara wọn. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ tà, àbúrò kọ̀ jálẹ̀. Bí ẹ bá bi àbúrò pé kí ló dé, ó lè má dárúkọ owó rárá. Yóò kàn ní, "Bàbá wa wà níbẹ̀."

Ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́. Kò ní "a sin bàbá wa síbẹ̀." Ó ní bàbá wà níbẹ̀, bí ẹni pé bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń wo àwọn ọmọ. Ẹ̀gbọ́n náà mọ̀ pé bàbá wà níbẹ̀. Ohun tí òun ń sọ ni pé bàbá ti kú, ọmọ òun sì wà ní yunifásítì, owó iléèwé ò tíì pé. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó purọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, torí pé ìbéèrè méjì ló lẹ̀ mọ́ ara wọn nínú rẹ̀, a kì í sì í sábà yà wọ́n. Àkọ́kọ́: ṣé òkú tí a sin síbì kan ló ń sọ ibẹ̀ di tiwa? Ìkejì: ẹni tí kò ní òkú kankan níbẹ̀, kí ló jẹ òkú tó bá níbẹ̀? Ìkejì yìí kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. Nígbà ìkànìyàn 2006, àwọn tí ìjọba àpapọ̀ kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ lé ní 620,000. Ayálégbé ni ọ̀pọ̀ nínú wa. À ń sùn, à ń dáná, à ń fọ mọ́tò lórí ilẹ̀ tí àwọn ẹlòmíì ti sùn sí.

Láyé àtijọ́, inú ilé ni Yorùbá ń sin àgbà sí, nínú ìyàrá rẹ̀ tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Kì í ṣe pé ilẹ̀ ò sí lóko. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé bàbá kò kúrò nílé. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ojú oórì rẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Bí ọmọ ìyá bá ń jà, ibẹ̀ ni wọ́n lè ní kí wọ́n ti wá búra. A ṣì ń pa á lówe dòní pé ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Kéèyàn kú kò tó. Kí ọmọ sin ín sílé ni ayé tó pé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òkú ló ní irú àyè bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tí Ṣàngó pa, ẹni tó pokùn so, abuké, àbíkú: ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn, ẹ̀yìn ilé tàbí inú igbó sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà lọ. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ pàá, sàréè inú ilé kì í ṣe ti ẹni tó kàn kú. Ti ẹni tí ilé kà kún ni.

Sàréè tún ní iṣẹ́ mìíràn. Kó tó di pé sáfẹ́yọ̀ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé, kó tó di pé C of O wà, kí ni onílẹ̀ fi ń hàn pé òun nilẹ̀? Pèrègún tó wà lójú ààlà. Igi obì tí bàbá gbìn. Ojúbọ. Àti ojú oórì. Ẹni tó bá lè na ìka sílẹ̀ pé ibí ni bàbá mi sùn sí, ibí ni bàbá tó bí i, ìyẹn ti gbé ìwé rẹ̀ sórí tábìlì. Títí dòní, bí ìdílé méjì bá ń fa ilẹ̀ ní kóòtù, sàréè máa ń wà lára ohun tí wọ́n fi ń jẹ́rìí.

Wọ́n sábà máa ń sọ pé Ẹlẹ́ẹ̀sì Òdogbolú ṣàlàyé rẹ̀ fún ìgbìmọ̀ òyìnbó tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Kókó ohun tó sọ ni pé ìdílé ló ni ilẹ̀, àwọn òkú àti àwọn ọmọ tí a kò tíì bí sì wà nínú ìdílé náà. Àwọn tó wà láàyè kéré níye, olùtọ́jú lásán ni wọ́n. Ìgbàgbọ́ tó jọ èyí ni Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, tí Herbert Macaulay sì bá a lọ, nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ ní Àpápá. Ní 1921, Privy Council gbà pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwùjọ lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀, pé ìjọba gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ bó ṣe yẹ. £22,500 ni wọ́n san. Ẹ̀rí ńlá nìyẹn pé èrò àwọn bàbá wa kì í ṣe àlọ́.

Ó dáa. Bí àwọn òkú bá wà lára onílẹ̀, òkú ta ni?

Ẹ jẹ́ ká wo orúkọ tí kọ́ńdọ́ Èkó ń pariwo láti àárọ̀ dalẹ́: Òṣòdì! Òṣòdì Òkè! Orúkọ ènìyàn ni. Landuji Òṣòdì Tápà ló ń jẹ́. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti sọ ibi tó ti wá: ọmọ Nupe ni, láti òkè lọ́hùn-ún. Ọmọdé ni nígbà tó dé Èkó, ààfin Ọba Oṣìnlókun ló sì dàgbà sí. Ìtàn ìdílé sọ pé ogun ló pa àwọn òbí rẹ̀, tó fi wá sá sábẹ́ ọba. Àwọn onítàn tó lo àkọsílẹ̀ ìgbà náà sọ pé ẹrú ọba ni. Èyí ó wù kó jẹ́, kò ní bàbá kankan tó sùn nílẹ̀ Èkó. Kò ní sàréè kan ṣoṣo tó lè na ìka sí.

Síbẹ̀ ó di ìjòyè, ó di ọ̀gágun Ọba Kòsọ́kọ́. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò, Òṣòdì bá a lọ sí Ẹ̀pẹ́. 1862 ni wọ́n tó padà, ọdún kan lẹ́yìn tí Ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n wá àyè fún Òṣòdì àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Erékùṣù Èkó, ibẹ̀ la sì ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí dòní: àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ló tẹ̀ ẹ́ dó. Ó kú ní 1868, Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni wọ́n sì sin ín sí. Orílé-Òṣòdì tí ọkọ̀ ń já àwa sí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ara rẹ̀ sì wà lódìkejì omi.

Ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àlejò tí kò ní sàréè kankan di bàbá ńlá tí ìlú ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe òkú tó bá nílẹ̀ ló fi di bẹ́ẹ̀. Ó sìn, ó jagun, ó kó èèyàn jọ, wọ́n fún un nílẹ̀, ó wá kú síbẹ̀. Sàréè ò ṣáájú ilẹ̀. Ẹ̀yìn ni sàréè dé. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ìdílé gbogbo tó bá ń pe ara rẹ̀ ní olùdásílẹ̀. Àwórì ló ni Ìsọlọ̀, ìtàn Àwórì fúnra rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ lórí omi, láti ìgbà tí Olófin ń tẹ̀ lé àwo tó fi rì ní Ìṣẹ́rí. Ẹni tó ń tẹ̀ lé àwo lórí odò, àlejò ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sin òkú síbì kan, ẹni tó dé láti ibòmíì ni.

Òṣòdì ò sì dá a ṣe. Àwọn tó bá a lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n bá a padà, ọmọ ogun wà níbẹ̀, ẹrú wà níbẹ̀, ọmọ ẹrú wà níbẹ̀. Arọ́tà ni Èkó ń pe irú wọn. Ní 1869, ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn olórí agbo ilé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó níwèé ilẹ̀, agbo ilé 21. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, ọ̀rọ̀ di ẹjọ́. Olóyè Òṣòdì ìgbà náà àti àwọn ọmọ inú agbo ilé fà á títí dé Privy Council ní 1930. Wọ́n ní ìwé ìjọba náà kò sọ ilẹ̀ di ti ẹnì kan bíi ti òyìnbó, pé àṣà ìbílẹ̀ ṣì ló ń darí rẹ̀.

Èmi kì í ṣe lọ́yà. Ohun tó ń jà mí lọ́kàn nínú ẹjọ́ yẹn ni pé kì í ṣe ìdílé méjì ló ń jà. Àwọn tó jọ jẹ ìyà Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n jọ tẹ ibì kan dó, àwọn ọmọ wọn ló ń bi ara wọn léèrè pé ta ni tibí gan-an. Òkúta ìrántí wà fún Òṣòdì ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ó sì tọ́ sí i. Àwọn tó wa kànga ńkọ́? Obìnrin tó ń sebẹ̀ fún ọmọ ogun ńkọ́? Bí sàréè bá jẹ́ ìwé ilẹ̀, a jẹ́ pé orúkọ ẹnì kan ṣoṣo la kọ sínú ìwé tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn fi ọwọ́ àti ẹ̀mí wọn kọ.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ẹni tó ní kí wọ́n yé fi òkú dí ọ̀nà alààyè. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lágbára, mi ò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ó ní ilẹ̀ Èkó ò tó. Ó ní ìdílé márùn-ún ń pín ilé ìwẹ̀ kan, ẹ wá fi táìsì àti sìmẹ́ǹtì bo igun ilẹ̀ kan fún ẹni tí kò mọ̀ mọ́ bóyá òjò ń rọ̀. Ó ní kànga ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè. Ó ní òyìnbó ò ya wèrè: ní Jámánì, ọdún 20 sí 30 ni wọ́n sábà máa ń yá èèyàn ní sàréè, bí ẹbí ò bá san owó kún un, wọ́n á fi fún ẹlòmíì. Ní Paris, nígbà tí itẹ́ òkú Saints-Innocents kún àkúnya, láti 1786 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó egungun ibẹ̀ lọ sínú ihò abẹ́ ìlú, ìlú sì ń bá ayé rẹ̀ lọ.

Mo gbà pé alààyè ló ni oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí Èkó ṣe nígbà tó gba ìmọ̀ràn yẹn. Itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ wà ní Erékùṣù. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, tó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891, wà lára àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ wà nídìí álífábẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń kà lójú yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, lábẹ́ ìjọba ológun Mobolaji Johnson, wọ́n wó itẹ́ náà torí ilé ìjọba. Ti Crowther dáa díẹ̀: wọ́n kó egungun rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Cathedral ní Màríná. Ẹni tó lórúkọ ńlá lẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù, àwọn Sàró àti àwọn ọmọ Èkó tí kò di bíṣọ́ọ̀bù, òkúta tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí kò sí níbẹ̀ mọ́. Kì í ṣe pé wọ́n gba ilẹ̀ ló dùn mí jù. Bí wọ́n ṣe gbà á ni, bí ẹni ń kó pàǹtírí.

Ẹ wá wo New York. Ní 1991, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ọ́fíìsì ní Manhattan, ni wọ́n bá kan egungun. Itẹ́ àwọn ọmọ adúláwọ̀ ni, ẹrú àti òmìnira, tí wọ́n ń sin síbẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún títí dé òpin ìkejìdínlógún. Wọ́n fojú bù ú pé àwọn tó wà níbẹ̀ tó 15,000. Wọ́n hú èèyàn 419 jáde kí ariwo tó dá wọn dúró. Ta ló pariwo? Kò sí ẹni tó lè sọ pé bàbá bàbá mi nìyí. Kò sí ìdílé olùdásílẹ̀. Àwọn adúláwọ̀ New York tí wọn ò mọ orúkọ òkú kankan níbẹ̀ ló dìde. Ní oṣù Kẹwàá 2003, wọ́n dá àwọn 419 náà padà sínú ilẹ̀ nínú pósí tí wọ́n gbẹ́ ní Ghana, nígbà tó di 2006, ibẹ̀ di ibi ìrántí orílẹ̀-èdè. Ilé ọ́fíìsì náà ṣì wà. Wọ́n kọ́ ọ, wọ́n kàn fi apá kan ilẹ̀ náà sílẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti rò pé okùn tá a so pọ̀ tú. Àwọn tó jà fún òkú New York ò jà torí pé wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀. Wọ́n jà torí pé èèyàn ni òkú náà. Àwa nílé, a ti so ọ̀wọ̀ òkú mọ́ níní ilẹ̀ débi pé òkú tí kò ní ọmọ onílẹ̀ kò ní ẹnikẹ́ni. Òfin ilẹ̀ 1978 náà kò ràn wá lọ́wọ́: nígbà tó ń ka ohun tí ìjọba máa san owó rẹ̀ bó bá gba ilẹ̀, ó ka ilé, ó ka ẹ̀rọ, ó ka irè oko. Kò ka sàréè. Lódìkejì, àwọn kan ń fi sàréè gba owó tí kò tọ́ sí wọn: owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìn, owó òrùlé, bàbá wa ló nilẹ̀, ẹ mú un wá. Èkó ṣòfin lórí irú èyí ní 2016. Òfin lè mú ọmọ onílẹ̀ tó gbé àdá dání. Kò lè tún èrò tó wà nídìí rẹ̀ ṣe, èrò pé òkú mi ti sọ ọ́ di gbèsè mi títí láé.

Ohun tí mo gbà gbọ́ rèé: sàréè ò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti gbowó, ṣùgbọ́n ó fún gbogbo wa níṣẹ́. Àbúrò tó ní bàbá wà níbẹ̀ ò lè fi bàbá dí ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ títí ayé. Ẹ̀gbọ́n náà ò gbọdọ̀ ta ilé lóru kí katakata wọlé láàárọ̀. Ẹni tó rà á ò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé ilẹ̀ lásán lòun rà.

Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mo ń ṣe, bí a bá fẹ́ pa àkọsílẹ̀ kan rẹ́, a kọ́kọ́ máa ń wo àwọn àkọsílẹ̀ míì tó ń tọ́ka sí i. Bí nǹkan míì bá tọ́ka sí i, a ò kàn ní pa á rẹ́. Ohun tó gbẹ́kẹ̀ lé e á wó. A lè gbé e lọ síbòmíì, kò sóhun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n a máa ń fi àmì sílẹ̀ ní ojúlé àtijọ́ kí ẹni tó bá wá a lè mọ ibi tó lọ. Òkú náà rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé kò ṣeé gbé rárá. Ṣùgbọ́n ẹ wádìí ẹni tó ń wá a. Ẹ fún ìdílé láyè. Ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ orúkọ, kì í ṣe ti olùdásílẹ̀ nìkan, ti arọ́tà náà, ti ìyàwó kẹta tí kò bímọ, ti ayálégbé tí wọ́n sin síbẹ̀ torí pé kò sẹ́ni tó wá gbé e. Ẹ fi àmì sílẹ̀.

Mùsùlùmí kan lè ní ẹ̀sìn òun ò fẹ́ kí wọ́n kọ́lé lé sàréè lórí, ká má sọ òkú di òrìṣà. Òtítọ́ ni, ọ̀pọ̀ ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ló sì gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún sìmẹ́ǹtì. Ìwé orúkọ ò wúwo lórí òkú. Ìdílé kọ̀ọ̀kan, mọ́sáláàṣì kọ̀ọ̀kan, ààfin Ọ̀sọlọ̀ pàápàá lè ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ ọ́ sí pé lágbájá, ọjọ́ báyìí, ibí la sin ín sí. Àwọn kan á ní ó yá ayálégbé lẹ́nu láti sọ̀rọ̀, kò ní ohun tó ń pàdánù. Bóyá. Ṣùgbọ́n ayálégbé ni Òṣòdì náà nígbà tó dé.

Èyí ló mú ọ̀rọ̀ kan kù tí kò rọrùn fún wa. Lójoojúmọ́ ni ọkọ̀ tó gbé pósí ń gba Èkó jáde, ó ń lọ sí Ìjẹ̀bú, ó ń lọ sí Èkìtì, ó ń kọjá Odò Ọya lọ sí ilẹ̀ Ìgbò. Ẹni tó lo ogójì ọdún ní Máfolúkù, tó bí gbogbo ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, tó lérò ní mọ́sáláàṣì tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀, bó bá kú, a ní ká gbé e lọ sílé. Ilé wo? Àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń sin ín ò mọ ojú ọ̀nà abúlé náà. À ń jà pé àwọn onílẹ̀ ò kà wá kún ará ìlú, síbẹ̀ àwa náà ń sọ fún ilẹ̀ náà nígbà ikú pé a ò sí níbẹ̀ rí. Wọn ò gbé Òṣòdì padà sí ilẹ̀ Tápà. Ibi tó ti ṣayé ni wọ́n sin ín sí, láàárín àwọn tó bá a ṣe é.

Mi ò mọ èyí tí màmá mi máa gbà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì yẹ kí n fún un láṣẹ. Ṣùgbọ́n ká tó fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà, ká tó tà á náà, ó yẹ kí gbogbo àwa tó ń gbé ibẹ̀ lè dáhùn ìbéèrè kékeré kan: àwọn wo ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, kí ni orúkọ wọn?